Ewé Kọ́ Ló Fọ́ Ojú Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dópin kẹ́ ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún méje. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà tó so èmi àti ìyàwó mi pọ̀. Àìmọye àárọ̀ ni mo ti jí tí mo pinnu pé lónìí ni n ó sọ ọ́, ilẹ̀ á sì ṣú bá mi, ọ̀rọ̀ á ṣì wà nínú mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n rán mi níṣẹ́ kan lóṣù tó kọjá, mo sì jẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Obìnrin kan wà tó ń jìyà ohun tí èmi ṣe. Ó ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún 1976. Àwọn orúkọ tí mo pè níbí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976 ni wọ́n gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ọ̀wọ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èdè wọn ò tètè yé mi. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lágbàlá, ẹnu wọn ni n ó kàn máa wò. Àgbẹ̀ kan tó ní oko kòkó ní Ìyẹrè ló fún mi ní yàrá kan nínú ilé rẹ̀. Òun ni mò ń pè ní Bàbá títí dòní.

Ìyàwó Bàbá àkọ́kọ́ ti kú kí n tó débẹ̀. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Tinúkẹ́. Ìyàwó kejì, ọmọ Àfò, ló tọ́ Tinúkẹ́ dàgbà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, Yẹ́misí. Ìyá Yẹ́misí ni gbogbo ilé ń pe obìnrin náà. Nígbà tí mo dé, Tinúkẹ́ ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì ti gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó kù kó ṣe àyẹ̀wò ara kó wọlé ni. Yẹ́misí ṣì kéré nígbà yẹn, kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ìyá Yẹ́misí jẹ́. Nígbà tí ibà gbé mi dè ní oṣù àkọ́kọ́, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá sẹ́nu ọ̀nà mi, tí yóò dúró títí n ó fi mu ún tán. Ó máa ń gbìyànjú láti fi èdè Ọ̀yọ́ bá mi sọ̀rọ̀, bó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, yóò fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tí mo rí i kó ya Tinúkẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára Yẹ́misí. Èmi tí mo jẹ́ àlejò, mi ò mọ̀ pé òun kọ́ ló bí i títí ẹnìkan fi sọ fún mi.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa, ará Íńdíà. Ojú ọ̀run ni eré tirẹ̀. Ó ní awò olójú méjì kan tó máa ń gbé kọ́rùn, ó sì tún ní awò gígùn kékeré kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, èyí téèyàn máa ń fi ojú kan ṣoṣo wò. Òun ló kọ́ mi. Ó fi hàn mí pé kòtò kún ara òṣùpá, àti pé ìràwọ̀ ńlá kan tí mo ti ń rí láti kékeré ní àwọn òṣùpá wẹ́wẹ́ tirẹ̀ tó ń yí i ká. Inú mi dùn bí ọmọdé. Kò pẹ́ tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi awò méjèèjì ta mí lọ́rẹ, ó sì sọ fún mi pé ìràwọ̀ onírù kan ń bọ̀ ní oṣù kẹta, pé kí n máa jáde wò ní ìdájí.

Ó kìlọ̀ fún mi kó tó lọ. Ó ní ohun gbogbo tó wà lókè ni mo lè fi awò náà wò, àyàfi oòrùn. Ó ní bí ìlà oòrùn bá ti ń pọ́n báyìí, kí n bo ẹnu awò, kí n gbé e wọlé. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú òun, mo sì tún un sọ. Mi ò lè dúró níwájú yín kí n ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

Ìràwọ̀ náà dé lóòótọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé ní ìdájí ọjọ́ kan. Èèyàn ò nílò àtiwá a kiri. Orí rẹ̀ wà lókè igbó díẹ̀, ó ń tàn, ìrù rẹ̀ sì dìde gbọọrọ, ó fẹ̀ lókè, ó tẹ̀ sápá kan bí èéfín tí afẹ́fẹ́ rọra ń tì. Nígbà tí mo gbé awò olójú méjì sójú, mo rí i pé ìrù náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí irun. Mo dúró síbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ìyá Yẹ́misí nìkan ló ti jí. Ó ń dáná lọ́wọ́. Mo pè é, mo gbé awò fún un. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dà bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun wà nu ara ògiri." Ó béèrè bóyá yóò já bọ́, mo ní rárá, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń lọ. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Àwọn kan ní nǹkan burúkú ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tó ń gbé ìsọdá wa, wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í jáde wò ó. Ṣùgbọ́n Tinúkẹ́ fẹ́ rí i dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé awò gígùn lè mú orí ìràwọ̀ náà sún mọ́ni. Mo ṣèlérí fún un. Ẹ dákun, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ọkàn mi ti fà sí i nígbà yẹn. Mo ń wá ìdí tí a ó fi jọ dúró níbì kan.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ibẹ̀ la gun ní ìdájí ọjọ́ tí mo ń wí yìí. Ìyá Yẹ́misí rí wa nígbà tí à ń lọ, ó ní ká ṣọ́ra, òjò ti mú orí àpáta yọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ìkùukùu ti bo ìsàlẹ̀ ọ̀run, ibi tí ìràwọ̀ náà wà gan-an. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìtòsí ibi tí oòrùn ti ń yọ ló ṣì wà. Bí mo bá ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ kan péré, yóò ti gòkè jìnnà sí oòrùn, à bá ti wò ó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ èyí náà.

A dúró. Ìkùukùu ò lọ. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Tinúkẹ́ fi ojú ọ̀tún sí awò, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ó ní ká máa lọ, iṣẹ́ ilé ń dúró de òun. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ìlà oòrùn ti ń pọ́n. Mo rí i, ẹ̀yin èèyàn. Ohùn tíṣà ará Íńdíà yẹn sọ sí mi létí. Ṣùgbọ́n èjìká Tinúkẹ́ wà nítòsí mi, mi ò sì fẹ́ ká tíì sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Dúró díẹ̀. Ẹ̀yìn ìkùukùu yẹn ló wà. Má gbé ojú kúrò."

Ó dúró. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi rọra yí awò náà sísàlẹ̀, síhà ibi tó ti mọ́lẹ̀ jù, tí mò ń rò pé n ó bá orí ìràwọ̀ náà níbẹ̀. Ìkùukùu sì là.

Ó fà sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ojú. Kò pariwo. Ó kàn ní nǹkan kan kọ mànà sí òun lójú. Mo wo iwájú, mo rí etí oòrùn lókè igbó, kò tóbi ju èékánná lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu awò. Mo sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló kọ lára dígí, pé kò sí nǹkan kan. Tíṣà ni mí. Ó gbà mí gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ojú náà ń ṣomi, ó sì ń yún un. Ìyá Yẹ́misí já ewé kan lẹ́yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́, ó fún omi rẹ̀ sí i lójú. Ewé yẹn ló máa ń fún sójú gbogbo ọmọ ilé nígbà tí àpólò bá ń jà. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò wọ́n.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tinúkẹ́ wá dúró níwájú yàrá mi. Ó fọwọ́ bo ojú òsì. Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá fi ojú ọ̀tún nìkan wò yín, mò ń rí èjìká yín, mò ń rí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n orí yín ò sí."

Mo ní yóò lọ bó bá sùn. Ó béèrè bóyá kì í ṣe ti awò tí a fi wo ìràwọ̀ láàárọ̀.

Mo ní, "Ìràwọ̀ lo wò. Ìràwọ̀ kì í fọ́ni lójú."

Irọ́ kejì nìyẹn. Òótọ́ ni mo fi hun ún, ìyẹn ló fi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Kò lọ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ohun tó wà láàárín ojú rẹ̀ ò kúrò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàbá gbọ́, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni wọ́n fi sí i lójú. Wọ́n ní ewé ni. Ó ní ta ló fi sí i. Wọ́n dárúkọ Ìyá Yẹ́misí. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti ń retí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá ọmọ náà ti kú.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bàbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tinúkẹ́ àti èmi la lọ. Wọ́n mú mi dání torí pé dókítà náà kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́. Ó fi iná kékeré kan wo inú ojú náà títí. Ó bi Tinúkẹ́ bóyá ó tẹjú mọ́ oòrùn. Tinúkẹ́ ní rárá. Òótọ́ tirẹ̀ ló sọ, kò mọ̀ pé oòrùn ni. Èmi wà níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, àwọn yòókù ti bọ́ síwájú, dókítà náà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ ewé ṣáá ni ìyá àgbà yẹn ń ní kí n túmọ̀ fún òun. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ewé kọ́, pé iwájú ojú ọmọ náà mọ́ tónítóní, ẹ̀yìn pátápátá lọ́hùn-ún ló ti jóná. Ó ní kí n rí i dájú pé wọ́n gbọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá wọn níta. Bàbá béèrè ohun tí dókítà sọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ro ìdáhùn mi yẹn títí, mo ti sọ ọ́ ní onírúurú ọ̀nà nínú orí mi. Bí mo bá ní ewé kọ́, wọn yóò ní kí ni nígbà náà. Bí wọ́n bá ní kí ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo ní, "Dókítà ní ojú náà ti jóná."

N ò fi ewé kún un, n ò sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n Bàbá pàtẹ́wọ́ kan. Ó ní kí n ṣáà ti gbọ́ tẹnu ara mi, kí ló ń jó ojú bí kò ṣe ewé burúkú.

Wọ́n pe ẹbí jọ. Ìyá Yẹ́misí kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní ewé tí òun ń lò fún gbogbo wọn ni, pé òun fi sójú Yẹ́misí náà lọ́dún tó kọjá. Wọn ò gbọ́. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jọ lọ sórí àpáta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ojú rẹ̀ ò ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kí n tó fọwọ́ kàn án?"

Gbogbo ilé ń wò mí. Tinúkẹ́ náà, tó ti gbà mí gbọ́ pé ìràwọ̀ kì í fọ́ni lójú, ń wò mí. Mo ní mi ò kíyè sí i.

Ìyá Yẹ́misí dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Àfò. Wọn ò jẹ́ kó mú Yẹ́misí dání. Ọmọ náà di iró ìyá rẹ̀ mú títí dé ìdí ọkọ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, omi sì wà lójú òun náà. Mo wà nínú yàrá mi. Mò ń gbọ́.

Tinúkẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Wọn ò gbà á fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Ó jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń ra ìwé wá fún un, èmi ni mò ń bá a rìn. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọmọlúàbí ni mí. Ní 1978, mo fẹ́ ẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀, mi ò fẹ́ ẹ torí ẹ̀bi nìkan. Ṣùgbọ́n mi ò lè bura pé ẹ̀bi ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n tí mo wà nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé. Gbogbo inúure tí mo bá ṣe fún un ló ń di ìyìn fún mi. Ẹbí rẹ̀ ń gbàdúrà fún mi níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn ìyá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọkùnrin wọn, wọ́n ní ẹ wo ẹni tó fẹ́ ọmọ tí ojú rẹ̀ ò pé, tí kò sì fi ojú náà gàn án rí. Tinúkẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dùn mọ́ ọn, yóò ní, "Bàbá Dàpọ̀, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ibo ni ǹ bá wà lónìí." N ó dìde bí ẹni tó fẹ́ mu omi. Ilé ìdáná ni mo máa ń sá lọ.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà àkọ́kọ́, ó lóyún Dàpọ̀, mo ní kó bímọ ná. Ìgbà kejì, ọmọ ṣì wà lọ́mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan, inú rẹ̀ ń dùn, mo ní kí n má bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sún un síwájú títí ó fi di ohun tí mi ò mọ ibi tí mo lè ti gbé e mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, rédíò sọ pé ìràwọ̀ onírù kan tún ń kọjá nítòsí ayé. Mo pa rédíò náà. Ṣùgbọ́n Tinúkẹ́ ti gbọ́. Òun ló wọ yàrá lọ gbé àpótí awò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún 1976 ni mi ò ti ṣí i. Ó ní kí n fi ìràwọ̀ han òun àti àwọn ọmọ, pé ojú òsì òun ṣì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ la jáde síta. Mi ò gbé awò gígùn náà jáde, olójú méjì nìkan ni mo mú. Mo wá a rí. Kò ní ìrù kankan tí a lè rí. Ó kàn rí roboto, ó funfun ráúráú, kò ní etí, bí èémí téèyàn mí sára dígí.

Tinúkẹ́ fi ojú òsì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra ní, "Ẹ wò ó. Bí nǹkan tó wà láàárín ojú mi kejì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí." Ó gbé awò náà fún mi, ó ní kí n wò ó dáadáa, kí n lè mọ ohun tí òun ń rí láti ọjọ́ yìí. Mo gbé e sójú. Mo wò ó.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mi ò sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ló kàn báyìí. Yẹ́misí ti dàgbà, ó fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ọmọ àwọn télọ̀ kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀ ló fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ dáadáa, àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí sì ti wá kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Yẹ́misí ní òun fẹ́ kí ìyá òun wà níbẹ̀. Bàbá ti darúgbó, ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bí obìnrin yẹn bá fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá náà, òun ò ní bá wọn dá sí i. Bàbá pè mí. Ó ní èmi ni àna àgbà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi sì tutù. Ó ní kí n lọ sí Àfò, kí n fi sùúrù sọ fún un pé kó má wá.

Mo lè kọ̀. Bí mo bá kọ̀, wọn yóò béèrè ìdí. Mo wọ ọkọ̀ tó ń gba Ìpele lọ.

Mo bá a níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó ń sá kòkó. Ó ti rù. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sún mọ́ ọn, inú rẹ̀ sì dùn, ó béèrè Tinúkẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ mi lórúkọ. Mi ò mọ ẹni tó sọ orúkọ wọn fún un. Ó sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ó gbọ́ ọ. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ kòkó lọ, kò dáwọ́ dúró. Ó ní òun mọ̀ pé wọn yóò rán ẹnìkan. Nígbà tó yá, ó ní ohun kan wà tí òun ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mo máa ń fún ewé yẹn sójú ara mi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá hù, n ó já a, n ó fún un sójú méjèèjì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò fọ́ mi lójú. Kò fọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé bóyá ọjọ́ yẹn ni mo já òmíràn tó jọ ọ́. Mi ò lè sọ mọ́. Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ṣé èmi ni mo fọ́ ojú ọmọ yẹn?"

Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n Bàbá, kò sí Tinúkẹ́, kò sí ẹni tó ń wò mí àfi òun nìkan. Ọ̀rọ̀ kan péré ló béèrè. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní kò burú. Ó wọlé lọ mú aṣọ kan jáde, aṣọ tí wọ́n fi gbé òun fúnra rẹ̀ níyàwó. Ó ní kí n fún Yẹ́misí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibi tí ó ń sá kòkó, ó gbàdúrà tí ìyá máa ń gbà fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n fetí sí i dáadáa, kí n bá òun sọ ọ́ sí i lórí bí òun ò ṣe ní sí níbẹ̀. Ó ní èmi ni òun fọkàn tán.

Mo ti fún Yẹ́misí ní aṣọ. Ó fi í bo ojú, ó sunkún. Àdúrà ni mi ò tíì sọ. Mi ò mọ bí n ó ṣe fi ẹnu mi yìí sọ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbéyàwó náà ku díẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé Bàbá ni kí n kọ́kọ́ wólẹ̀ fún, àbí ìyàwó mi? Bí mo bá sọ ọ́, Yẹ́misí yóò rí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tèmi lè tú ká, àwọn ọmọ mi yóò sì mọ ohun tí bàbá wọn jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin yẹn yóò já ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí òjò bá dé, yóò fún un sójú. Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín yóò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ náà. Mo nílò kí ẹlòmíràn sọ ọ́ sókè. Ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, torí ó ti pẹ́ tí ojú ti ń tì mí láti bẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Ohun kan ló kù. Ìyàwó mi máa ń ra ìwé ìròyìn yìí. Ojú ìwé yìí ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, ó sì máa ń kà á sókè fún mi nígbà tí mo bá ń jẹun lọ́wọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Tinúkẹ́, bó bá jẹ́ ìwọ lò ń kà á, láti ibi tí mo ti dárúkọ àpáta lo ti mọ̀ pé àwa ni. O lè dúró níbẹ̀. Má wulẹ̀ kà á dópin fún mi. Sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀, kó o wá bi mí. Oòrùn ni. Èmi ni mo yí i sí ọ lójú.